Láti Orí Ọ̀rọ̀ Àgbàrá dé Orí Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Ìṣirò Omi Ìlú, Láti Bassila àti Manigri

1. Ìfáárà

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí kò gùn. Bí òjò bá rọ̀ sí ìlú, omi tó pọ̀ tó mélòó ni yóò gba ojú ọ̀nà kọjá, báwo sì ni kòtò tí a ó gbẹ́ fún un yóò ṣe tóbi tó? Láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn ẹnjiníà ti ń fi ìṣirò wá ìdáhùn sí i. Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti ní àwòṣe ńlá orí kọ̀ǹpútà tó ń bá wọn ṣe é. Ìtàn ìṣirò náà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, mo sì fẹ́ dúró sí Bassila àti Manigri kí n tó sọ ọ́, nítorí pé ibi tí ènìyàn bá dúró sí ni yóò sọ ohun tó máa rí nínú ìtàn.

Ìlú méjèèjì wà ní ẹ̀ka ìjọba Donga, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bassila ni olú ìlú kọ́múùnù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Manigri jẹ́ ọ̀kan nínú arọ́ńdísímà mẹ́rin tó wà nínú kọ́múùnù náà. Bassila fúnra rẹ̀, Alédjo àti Pénéssoulou ni mẹ́ta yòókù. Kọ́múùnù yìí fẹ̀ tó 5,661 kìlómítà níbùú-lóròó, ètò ìkànìyàn ọdún 2013 sì ka ènìyàn 130,091 níbẹ̀. Ọ̀nà ńlá tó ti Savalou lọ sí Djougou ló so ìlú méjèèjì pọ̀. Anii ni èdè àwọn onílẹ̀ ní Bassila. Ní Manigri, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí a ń pè ní Nàgó ni wọ́n ń sọ, èyí tí àwọn onímọ̀ èdè máa ń kà pọ̀ mọ́ ti Kambolé ní ilẹ̀ Tógò. Àkọtọ́ tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà ni mo fi kọ iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá kọ́ láti ka Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ pé ɛ àti ɔ ni à bá kọ níbi tí ẹ àti ọ wà.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè nínú kòtò àgbàrá. Ìdáhùn mi ni pé ìṣirò omi ìlú ní fókábù tirẹ̀, ibì kan ni wọ́n sì ti ṣẹ̀dá fókábù náà kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní nọ́ńbà kan lẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣìnà, nọ́ńbà yóò ṣìnà. Bí nọ́ńbà bá ṣìnà, kòtò yóò kéré, ògiri ilé ẹni tí kò sí níbi ìpàdé ni yóò sì wó. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìtàn yìí tọ́ sí wa.

2. Ọ̀rọ̀ kan ní Faransé, ọ̀rọ̀ méjì ní Yorùbá

Èdè Faransé ni mo fi kọ́ gbogbo ìṣirò tí mo mọ̀. Ní èdè náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, assainissement, ló dúró fún iṣẹ́ méjì: kíkó omi òjò kúrò láàárín ìlú, àti kíkó omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná kúrò. Inú ọ̀rọ̀ náà ni sain wà, tó túmọ̀ sí ohun tó ní ìlera. Bí ó bá di dandan kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yán kún un, wọ́n á ní assainissement pluvial fún ti òjò. Ní Yorùbá, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀. Àgbàrá ni omi tí òjò rọ̀, tí ilẹ̀ kò mu, tó wá ń ṣàn lórí ilẹ̀. Omi ìdọ̀tí tàbí omi ẹ̀gbin ni ti inú ilé. N kò tíì gbọ́ ẹni tó pe omi ṣaláńgá ní àgbàrá rí.

Ìtàn àwọn ìlú ńlá Yúróòpù ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wọn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1858, òórùn odò Thames le dé ibi pé àwọn aṣòfin ní London kò lè jókòó mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí Joseph Bazalgette fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀nà omi ńlá abẹ́ ilẹ̀ fún ìlú náà. Ní Paris, Eugène Belgrand ló ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ Haussmann. Òfin ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1894 wá sọ ọ́ di dandan fún àwọn onílé Paris pé kí wọ́n so ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn mọ́ ọ̀nà omi ìlú. Orúkọ tí wọ́n fún ètò náà ni tout-à-l'égout, ìyẹn ni pé kí gbogbo rẹ̀ gba ojú kan lọ. Òjò àti ìgbẹ́ di ẹrù páìpù kan náà.

Ewu tó wà nínú páìpù àjùmọ̀lò yìí ni pé bí òjò ńlá bá rọ̀, àyè rẹ̀ kò tó. Yóò kún, yóò sì tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú odò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló gbé kọ̀ǹpútà dé inú ìtàn yìí lẹ́yìn náà.

Ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, títí kan Kútọnu, kò ní páìpù ìdọ̀tí tó kárí ìlú. Ṣaláńgá tàbí kòtò oní-sìmẹ́ńtì tí ọkọ̀ ń wá fà ni àwọn ènìyàn ń lò. Òjò ní tirẹ̀ ń gba gọ́tà tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èyí tí àwa tí a lọ sí ilé ìwé Faransé ń pè ní caniveau. Bí a bá wo èyí nìkan, a lè sọ pé ìpín tí èdè wa ṣe bá ohun tó wà nílẹ̀ mu ju ti Faransé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a yin ara wa jù. Inú gọ́tà kan náà ni a ń da omi aṣọ fífọ̀ àti pàǹtírí sí, bí òjò bá sì dé, àgbàrá á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èdè lè ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kí ìlú má yà wọ́n.

3. Ìṣirò kí kọ̀ǹpútà tó dé

Ní ọdún 1851, Thomas Mulvany, ẹnjiníà ará Ireland, kọ̀wé nípa bí òjò àti omi tó ń ṣàn ṣe tan mọ́ra. Ní 1889, Emil Kuichling tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà lo irú èrò yìí fún páìpù ìlú. Fọ́múlà kékeré kan ló jáde: Q = C × i × A.

A ni fífẹ̀ ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wá sí ojú kan. Mo ń pè é ní ilẹ̀ ìkómijọ. Líle òjò ni i, ìyẹn iye mílímítà tó ń rọ̀ ní wákàtí kan. Q ni omi tó ń kọjá lẹ́nu kòtò. C ni nọ́ńbà tó wà láàárín òdo àti ọ̀kan, tó ń sọ ìdá tó di omi ṣíṣàn nínú òjò tó rọ̀. Bí ilẹ̀ bá mu gbogbo òjò, òdo ni C. Bí ó bá jẹ́ páànù àti sìmẹ́ńtì ló bo gbogbo ilẹ̀, C súnmọ́ ọ̀kan.

Mo dábàá pé kí a pe C ní ìdá àgbàrá, nítorí èdè wa ti pèsè àyè sílẹ̀ fún un. Òwe tí gbogbo wa mọ̀ sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹ wo àpólà orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ òwe náà. Àgbàrá ni orí àpólà, òjò ni ẹ̀yán rẹ̀. Òwe kò fi ẹ̀sùn kan òjò. Ohun tó ti ara òjò jáde, tí ilẹ̀ kọ̀ láti gbà, ni ó ń wá ilé wó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín i àti C ni èyí. Apá kejì òwe náà sì sọ pé ọwọ́ onílé ni ọ̀rọ̀ kù sí, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ẹnjiníà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà gbé e yẹ̀wò. Ká ní àdúgbò kan fẹ̀ tó hẹ́kítà 10, tí òjò tó ń rọ mílímítà 90 ní wákàtí kan sì bá a. Bí C bá jẹ́ 0.3, omi tó máa dé ẹnu kòtò yóò tó lítà 750 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn bídọ̀nù onílítà 25 ọgbọ̀n. Bí C bá jẹ́ 0.6, ó di lítà 1,500, bídọ̀nù ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òjò kò pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò sì fẹ̀ sí i. Nọ́ńbà kan tí ẹnìkan mú nínú ìwé ló sọ kòtò di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá mú 0.3 fún àdúgbò tó yẹ fún 0.6 ti fi omi bídọ̀nù ọgbọ̀n ránṣẹ́ sí ilé oníilé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Fọ́múlà yìí kò mọ̀ ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu kòtò nígbà tí omi bá pọ̀ jù lọ. Kò lè sọ bí omi ṣe ń ga tàbí bó ṣe ń padà sẹ́yìn nínú kòtò tó ti kún. Ẹni tó kọ ìṣirò tó lè sọ èyí ni ará Faransé, Barré de Saint-Venant, ní 1871. Ìdógba rẹ̀ péye, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀ fún gbogbo kòtò ìlú kan. Ó dúró de ẹ̀rọ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Láàárín ìgbà náà, àwọn ará Faransé wá ọ̀nà àbùjá. Albert Caquot gbé tirẹ̀ jáde ní 1941, ó fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ kún un. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ìjọba ọdún 1949 gbà á, wọ́n sì tún ìwé náà ṣe ní 1977. Ti 1977 pín ilẹ̀ Faransé sí agbègbè òjò mẹ́ta, agbègbè kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ẹnjiníà tó fi Faransé kàwé ní Áfíríkà kọ́ ní ilé ìwé. Kò sí èyí tó jọ òjò Bassila nínú agbègbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

4. Kọ̀ǹpútà wọlé

Àwọn ìlú àtijọ́ Amẹ́ríkà náà ní páìpù àjùmọ̀lò bíi ti Paris. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ìgbẹ́ á tú sínú odò. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, EPA, fẹ́ mọ ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀ àti bí wọ́n ṣe lè dín in kù. Ilé iṣẹ́ Metcalf & Eddy, Yunifásítì Florida àti ilé iṣẹ́ Water Resources Engineers ló jọ ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tó jáde ní 1971. Orúkọ rẹ̀ ni Storm Water Management Model, SWMM ní ìkékúrú. Wọ́n tún un kọ pátápátá ní àárín àwọn ọdún 2000, ó di SWMM 5. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Parakou tàbí ní Ìbàdàn.

Model ni àwa onímọ̀ èdè ń pè ní àwòṣe nínú iṣẹ́ tiwa. Ọ̀rọ̀ náà dára fún omi pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ló wà nínú rẹ̀: wò àti ṣe. Wọ́n kọ́kọ́ wo omi kí wọ́n tó ṣe ètò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wo ètò kí wọ́n tó ṣe kòtò. Ìbéèrè tí mo ń gbé kiri ni pé omi ibo ni wọ́n wò.

Nínú àwòṣe SWMM, ìlú di ohun mẹ́rin. Àwọn ilẹ̀ ìkómijọ kéékèèké wà, tí òjò ń rọ̀ sí. Àwọn ojúkò wà, níbi tí omi ti ń pàdé. Àwọn ọ̀nà omi wà, ìyẹn páìpù àti kòtò, tó so ojúkò mọ́ ojúkò. Ẹnu ìtújáde wà ní ìparí, níbi tí omi ti ń bọ́ sínú odò tàbí ọ̀sà. Ẹnjiníà á fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní fífẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìdá tí sìmẹ́ńtì àti páànù bò, àti bí ilẹ̀ tó kù ṣe ń mu omi sí. Lẹ́yìn èyí ni yóò rọ òjò sí i lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ á wá ṣírò ìdógba Saint-Venant fún gbogbo ọ̀nà omi, díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí Saint-Venant kọ sílẹ̀ ní 1871 di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.

Ohun kan wù mí nínú àwòṣe yìí ju ti fọ́múlà àtijọ́ lọ: kò gbà pé nọ́ńbà kan ṣoṣo tó fún ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó ń gbà ṣírò omi tí ilẹ̀ ń mu jẹ́ ti Robert Horton, ará Amẹ́ríkà. Ó sọ pé ilẹ̀ gbígbẹ máa ń mu omi kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀, pé bí òjò bá ṣe ń pẹ́ ni mímu rẹ̀ ń dínkù, títí yóò fi dúró sí ìwọ̀n kan. Nígbà tí mo ń gba ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀ ní Manigri, mo bi bàbá àgbàlagbà kan pé níbo ni àgbàrá ń gbà kọjá ní àdúgbò wọn. Bàbá kò dáhùn, ìbéèrè ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òjò àkọ́rọ̀ ni mò ń béèrè tàbí òjò tó bá ilẹ̀ tó ti yó, nítorí pé ọ̀nà tí omi ń gbà nígbà méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan. Bàbá kò mọ Horton, Horton kò sì dé Manigri, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n rí. Nínú ọ̀rọ̀ wa, òjò àkọ́rọ̀ ní orúkọ tirẹ̀. Nínú fọ́múlà ọdún 1889, kò ní.

5. Ilẹ̀ wa nínú nọ́ńbà: láti Ouagadougou dé Doguè

Nínú àwọn lẹ́tà mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún fọ́múlà, A rọrùn. A lè wọn ilẹ̀. Ti i gba ìgbà pípẹ́ kí ó tó di tiwa. Ní 1984, ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lórí ìmọ̀ omi, Comité interafricain d'études hydrauliques, tó wà ní Ouagadougou, tẹ iṣẹ́ Puech àti Chabi-Gonni jáde. Wọ́n ya ìlà tó ń fi hàn bí òjò ṣe ń pọ̀ tó ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, láti orí òjò ìṣẹ́jú 5 dé ti wákàtí 24. Láti ìgbà náà, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa kò ní láti yá òjò Faransé lò mọ́.

Lẹ́tà tó kù ni C, ti ilẹ̀. Níbẹ̀ ni agbègbè Bassila ti wọ inú ìtàn. Láti ọdún 2000, àwọn yunifásítì Cologne àti Bonn ní ilẹ̀ Jámánì ṣe iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n pè ní IMPETUS, ìjọba Jámánì ló ń náwó sí i. Odò méjì ni wọ́n yàn: Drâa ní Mòrókò, àti Ouémé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti wọn omi jù lọ ni ilẹ̀ ìkómijọ Aguima lẹ́bàá abúlé Doguè ní agbègbè Bassila, tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí 30 kìlómítà níbùú-lóròó lọ. Odò Térou, tó jẹ́ ẹ̀ka Ouémé, ni Luc Sintondji, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, fi ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ tó parí ní Bonn ní 2005. Àwòṣe orí kọ̀ǹpútà ló fi ṣírò bí òjò ṣe ń di omi odò níbẹ̀. Láàárín ìgbà kan náà, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe AMMA-CATCH ń wọn òjò àti omi ní òkè Ouémé. Ilẹ̀ tí kò sí nínú agbègbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Faransé ti wá di ilẹ̀ tí a wọ̀n dáadáa ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Simone Giertz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn bí ilẹ̀ Aguima ṣe ń mu omi. Wọ́n rí i pé ilẹ̀ oko ń mu omi díẹ̀ ju ilẹ̀ igbó àti ọ̀dàn lọ. Ìdí tí wọ́n rí ni àwọn ẹ̀dá inú ilẹ̀. Ekòló àti àwọn kòkòrò yòókù ń lu ihò sínú ilẹ̀ igbó, ihò náà sì ni omi ń gbà wọlé. Bí a bá ro ilẹ̀ tí a sì ń dá oko sí i lọ́dọọdún, àwọn ẹ̀dá náà á dínkù, ihò á dí, omi á dúró lókè. Gbogbo wa la mọ òwe pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Àwa ti ń lò ó fún ìbọ̀wọ̀ fún àgbà. Nínú ìmọ̀ omi, ohun tí òwe náà sọ rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Níbi tí ekòló kò bá sí, ilẹ̀ kò ní lanu, ìdá àgbàrá á sì ròkè.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n wọ̀n. Igbó, ọ̀dàn àti oko ni. Wọ́n fẹ́ mọ omi tí yóò dé odò, wọn kò wá wọn agbo ilé. Àgbàlá tí ẹsẹ̀ ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn ti tẹ̀ títí tó fi le bí òkúta, ojú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa tí àgbàrá ti gbẹ́ di kòtò, ìta ọjà, òrùlé páànù tí omi rẹ̀ ń dà sí ojú kan: ìwọ̀nyí ni ìlú. Ìwé tí àwọn ẹnjiníà ń lò ní nọ́ńbà fún pápá koríko àti ibi ìgbọ́kọ̀sí olódà. Agbo ilé Manigri kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

6. Ìbàdàn, Kútọnu, àti àwọn ìlú tí kò tíì kàn

Ìlú ńlá ni àwòṣe kọ́kọ́ máa ń dé, lẹ́yìn òkú ni ó sì máa ń dé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ẹ̀bá rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn ará Ìbàdàn ń pe irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní omíyalé, ọ̀rọ̀ orúkọ tí gbólóhùn odindi wà nínú rẹ̀: omi ya ilé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀, ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú. Ní 2014 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn, ṣíṣe ìlànà àgbékalẹ̀ ọ̀nà omi fún gbogbo ìlú sì wà nínú ètò náà.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìkún omi ọdún 2010 kan kọ́múùnù 55 nínú 77. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó dé fún Kútọnu. Ètò tí wọ́n ń pè ní Programme d'assainissement pluvial de Cotonou tò ó ní ilẹ̀ ìkómijọ 34, wọ́n sì ń gbẹ́ ọ̀nà omi àti adágún ìdámidúró sí i. Ilẹ̀ Kútọnu tẹ́jú, yanrìn ni, omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kò jìn. Gbogbo ìyẹn yàtọ̀ sí òkè-àti-ìsàlẹ̀ àti ilẹ̀ pupa Bassila. Ìdá àgbàrá tó yẹ Kútọnu kò ní yẹ Manigri.

Òfin 97-029 ti ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999 ti fi iṣẹ́ kíkó omi òjò kúrò láàárín ìlú lé àwọn kọ́múùnù lọ́wọ́, pẹ̀lú dídáàbò bo àwọn bas-fond lọ́wọ́ ìkún omi. Láti 2003 tí àwọn ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn ti gorí àlééfà ni iṣẹ́ náà ti wà lọ́rùn Bassila bí ó ti wà lọ́rùn Kútọnu. Ọ̀rọ̀ tí òfin lò, bas-fond, ni àkùrọ̀ ní èdè wa: ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí omi kì í tètè gbẹ níbẹ̀, tí a ń fi dáko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá gbọ́ àkùrọ̀ mọ̀ pé omi ni onílẹ̀. Bí wọ́n bá pín ilẹ̀ náà ní pùlọ́ọ̀tì tí wọ́n sì fi nọ́ńbà sí i dípò orúkọ, ìkìlọ̀ tó wà nínú orúkọ ti lọ. Ẹni tó rà á láti ìlú mìíràn kò ní mọ̀.

7. Òjò ọdún mẹ́wàá

Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan hàn bí ìtumọ̀ ṣe lè wó ilé. Gbogbo ìṣirò kòtò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yíyan òjò tí kòtò gbọ́dọ̀ lè gbà. Àwọn ẹnjiníà Faransé ń pe ọ̀kan nínú wọn ní pluie décennale. Bí ẹnìkan bá tú u sí òjò ọdún mẹ́wàá níbi ìpàdé, ohun tí àwọn ènìyàn yóò gbọ́ ni òjò tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá, bí ọdún egúngún kan tó ní ìgbà tirẹ̀. Bí ó bá wá lọ́dún yìí, ẹni tí ògiri rẹ̀ wó á tún un mọ síbi kan náà, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ìṣirò kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé lọ́dọọdún, ìpín kan nínú mẹ́wàá wà pé irú òjò náà tàbí èyí tó le jù ú lọ yóò rọ̀. Ó lè rọ̀ lọ́dún yìí kó tún rọ̀ lẹ́yìn ọdún. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìpín 65 nínú 100 ló wà pé yóò rọ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni pé ìpín 35 wà pé kò ní rọ̀ rárá. Nítorí náà mo dábàá òjò ọ̀kan-nínú-mẹ́wàá. Gbólóhùn náà kò dùn létí tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí ọdún mẹ́sàn-án fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń ta ayò tàbí tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì mọ ohun tí ọ̀kan nínú mẹ́wàá jẹ́.

Àléébù yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ẹni tó gbọ́ Faransé dáadáa náà máa ń ṣi décennale gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni náà lè rí ìwé kà kó fi tún òye rẹ̀ ṣe. Ẹni tó jẹ́ pé ìtumọ̀ ẹnu ni gbogbo ohun tó rí gbà kò ní ibòmíràn láti lọ.

8. Àgbálọgbábọ̀

Mo ti tọ ipasẹ̀ fọ́múlà kan láti Ireland dé Amẹ́ríkà, láti Faransé dé Ouagadougou, àti láti Bonn dé Doguè. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan kúrò ní ti àlejò ó sì di ti onílé. Òjò di tiwa ní 1984. Oko àti igbó di tiwa lẹ́yìn ọdún 2000. Agbo ilé ló kù. Kọ̀ǹpútà kò lè parí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ohun tí a bá fi sí i ni yóò ṣírò, kíákíá ni yóò sì fi ṣe é, bó ti wù kí nọ́ńbà náà jìnnà sí òótọ́ tó.

Iṣẹ́ tó kù yìí pín sí méjì. Ti àwọn ẹnjiníà ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìwọnmi wá sí àgbàlá àti ojú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀, bí wọ́n ti gbé e lọ sí oko Aguima. Tiwa ni kí a kó ọ̀rọ̀ jọ nígbà tí àwọn tó ni ín ṣì wà láyé: orúkọ àwọn àkùrọ̀ tí ìlú ti fẹ́ gbé mì, ọ̀nà tí òjò àkọ́rọ̀ ń gbà àti ọ̀nà tí òjò ilẹ̀ tó yó ń gbà, ní Nàgó ti Manigri àti ní Anii ti Bassila, nítorí omi kan náà ló ń ṣàn láàárín àwọn méjèèjì. Àkójọ irú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní máàpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibi tí a lè tọ́ka sí. Ọjọ́ tí kọ́múùnù bá pe ẹnjiníà wá ṣe àwòṣe, yóò béèrè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ àti ìdá sìmẹ́ńtì. Ó yẹ kí ìwé kan wà nílẹ̀ tí a lè nà sí i, tó ti sọ ibi tí omi ti ń gbà kí wọ́n tó kọ́lé síbẹ̀.